Kí A Tó Ra Ṣíìpù: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Irinṣẹ́ fún Iṣẹ́ Microcontroller

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè yan irinṣẹ́ tí yóò fi kọ ètò sínú microcontroller, àti èyí tí yóò fi tọpa àṣìṣe inú rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé orí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí kà, nítorí a ń sọ̀rọ̀ ṣíìpù ní ilé ẹ̀kọ́ wa ju bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ irinṣẹ́ lọ.

Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè: ṣíìpù wo ló lágbára jù, èwo ló sì rọ̀ lọ́rùn láti rà? Ìbéèrè kẹta kì í jáde lẹ́nu wọn: bí iṣẹ́ yìí bá kọ̀ tí kò lọ, kí ni màá fi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Kókó kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí. Ìbéèrè kẹta yẹn ló yẹ kó ṣáájú méjì yòókù. Ẹ yan ohun tí ẹ ó fi ríran kí ẹ tó yan ṣíìpù. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le

Microcontroller ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ṣíìpù ẹyọ kan: ọpọlọ tó ń ṣírò, ibi ìrántí, àti àwọn ẹsẹ̀ tó fi ń gba ìròyìn wọlé tó sì fi ń pàṣẹ síta. Òun ló wà nínú mítà iná tí à ń ra káàdì sí, nínú inverter, nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, nínú ẹ̀rọ tó ń bá adìyẹ sàba. ATmega328P, ṣíìpù tó wà lórí bọ́ọ̀dù Arduino Uno, ní ààyè kìlóbáìtì 32 fún ètò, ó sì ní kìlóbáìtì 2 péré fún iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Kò ní ojú tí a lè kàwé lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ibi ìtẹ̀wé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ètò bá ṣàṣìṣe lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kọ̀ǹpútà náà á kọ ọ́ síta kí olówó rẹ̀ kà á. Bí ètò bá ṣàṣìṣe nínú microcontroller, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Iná kò ní tàn, tàbí kó tàn tí kò ní kú mọ́. Mọ́tò tó yẹ kó dúró á máa yí lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹni tí kò sì ní irinṣẹ́ tí yóò fi wo ẹ̀yìn ẹ̀fà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Á pààrọ̀ wáyà, á pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, á tún ètò kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó á máa lọ, àkókò á máa lọ, kò sì ní rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ètò ń kọ ránṣẹ́

Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo wa ń lò ni pé kí a pàṣẹ fún ètò kó máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà láti ojú wáyà USB: mo ti dé ibí, ìwọ̀n ooru jẹ́ 31, mo ti jáde níbẹ̀. Arduino ló sọ ọ̀nà yìí di ti gbogbo ayé. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni Massimo Banzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé Arduino jáde ní 2005, orí iṣẹ́ Wiring tí Hernando Barragán, ọmọ orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ti ṣe ṣáájú ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín ọ̀nà yìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń yanjú ọ̀pọ̀ ìṣòro.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi ìyára 9600 kọ̀wé ránṣẹ́, bíìtì 9600 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 10, nítorí bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí wà lára rẹ̀. Lẹ́tà 960 nìkan ló lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Gbólóhùn tó ní lẹ́tà 40 á gba nǹkan bí ìdá 42 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Uno ní ààyè tó ń kó lẹ́tà 64 pamọ́ sí kó tó rán wọn lọ. Bí ààyè yẹn bá kún, ètò á dúró síbẹ̀, á máa retí kí ọ̀nà ṣí. Ká wá sọ pé iṣẹ́ ètò náà ni láti ka ìyípo mọ́tò tó ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyípo kan ń gba ìdá 10 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Kí gbólóhùn kan tó jáde tán, ìyípo mẹ́rin ti lọ. Ẹni tó ń wá àṣìṣe kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá òmíràn sílẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ìdúró yẹn ló bo àṣìṣe gidi mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí a bá yọ gbólóhùn kúrò ni gbogbo iṣẹ́ á dàrú.

Ọ̀nà àbáyọ wà tí kò náni lówó. Ẹ mú ẹsẹ̀ kan lára ṣíìpù tí kò níṣẹ́, kí ètò máa gbé iná ẹsẹ̀ náà sókè bó bá ti wọ ibi tó kan yín lójú, kó sì gbé e wálẹ̀ bó bá ti jáde. Lórí Uno, bí a bá kọ àṣẹ náà tààrà sí PORTB, ààyè inú ṣíìpù tó ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ju ìlù aago méjì lọ. Aago Uno ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá ni àṣẹ náà gbà. Ìyẹn kò lè da iṣẹ́ kankan rú. Ohun tó kù ni ẹ̀rọ tí yóò máa wo ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀rọ tó ń wo wáyà

Orúkọ ẹ̀rọ náà ni logic analyzer. Èyí tó kéré jù lọ́jà ní wáyà mẹ́jọ, ó sì lè wo wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mílíọ̀nù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. PulseView, ètò ọ̀fẹ́ tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe sigrok, ló máa ń ya ohun tó rí sójú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní BME280, Bosch ti Jámánì ló ń ṣe é, ó sì ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti ìfúnpá afẹ́fẹ́. Wáyà méjì ló fi ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní I2C: SDA ń gbé ọ̀rọ̀, SCL ń lu aago. Sẹ́ńsọ̀ yìí lè jẹ́ orúkọ méjì, 0x76 tàbí 0x77, bí wọ́n bá ṣe so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló ń sọ èyí tí yóò jẹ́. Ọ̀pọ̀ èyí tó rọ̀ lọ́rùn lọ́jà ń jẹ́ 0x76. Síbẹ̀, àkójọ kóòdù Adafruit tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò máa ń pe 0x77, àyàfi bí a bá sọ fún un pé kó pe orúkọ kejì.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan so ó pọ̀, ètò kọ̀wé jáde pé òun kò rí sẹ́ńsọ̀. Ó ra òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún jáde. Ìwé tí ètò ń kọ kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ohun tí ètò mọ̀ náà ló ń sọ. Ṣùgbọ́n bó bá so wáyà mẹ́ta logic analyzer mọ́ SDA, SCL àti ilẹ̀, tó sì ní kí PulseView túmọ̀ I2C fún òun, ọ̀rọ̀ á hàn kedere: ṣíìpù pe 77, bíìtì mẹ́jọ kọjá, ní bíìtì kẹsàn-án wáyà SDA wà lókè, kò sí ẹni tó fà á wálẹ̀. Bíìtì kẹsàn-án yẹn ni ibi tí ẹni tí a pè ti ń dáhùn. A pè, kò sẹ́ni tó jẹ́. Ó yí 77 padà sí 76, bíìtì kẹsàn-án wálẹ̀, ìwọ̀n ooru jáde. Sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ tó rà kò bàjẹ́ rárá.

Ẹ̀rọ yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. I2C tó ń lọ ní 100,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá á jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí wo bíìtì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 240, ìyẹn sì tó ó kù. Bí a bá gbé e lọ sídìí wáyà SPI tó ń sáré ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, ìgbà mẹ́ta péré ni yóò wo bíìtì kan, a kò sì lè fọkàn tán ohun tó bá sọ. Bákan náà, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bó bá jẹ́ pé iná ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ nítorí pé a gbàgbé láti so resistor tó ń fà á sókè, oscilloscope ló lè fi ìrísí rẹ̀ hàn wá. Bó bá sì jẹ́ pé fóltì 5 ti di 4.2 lójú ọ̀nà, mítà ọwọ́ lásán á sọ ọ́. Mítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, ní gbogbo ìgbà.

Debugger: wíwo inú ṣíìpù fúnra rẹ̀

Irinṣẹ́ tó kàn ni debugger. Òun ń wọ inú ṣíìpù lọ, ó ń dá ètò dúró níbi tí a bá fẹ́, ó ń fi ohun tó wà nínú ìrántí hàn wá, ó sì ń jẹ́ kí ètò rìn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà JTAG, tí wọ́n fi òfin IEEE 1149.1 gbé kalẹ̀ ní 1990, ni ọ̀pọ̀ ṣíìpù ń gbà ṣe é. Àwọn ṣíìpù Cortex-M ti ARM ní ọ̀nà tó kúrú ju ìyẹn lọ, SWD, tí kò gbà ju wáyà méjì àti ilẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni àwọn bọ́ọ̀dù ti yàtọ̀ síra gan-an, ibẹ̀ ló sì yẹ kí olówó ti ronú kó tó rà. Uno rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ATmega328P ní láti jẹ́ kí a wo inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní debugWIRE, ń gba ẹsẹ̀ RESET kọjá. Capacitor tó wà lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn lórí bọ́ọ̀dù náà á dí i lọ́wọ́, a ní láti gé ọ̀nà náà, a sì tún ní láti ra ẹ̀rọ mìíràn bíi Atmel-ICE. Díẹ̀ ni nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó máa ń débẹ̀.

Ẹ wá wo Raspberry Pi Pico, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021 ní iye dọ́là 4. Ojú ọ̀nà SWD mẹ́ta wà létí rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó ṣe é gbé Debug Probe jáde ní 2023 ní dọ́là 12, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ẹ ra ìyẹn. Ètò ọ̀fẹ́ wà tí a lè kọ sínú Pico kejì, tí yóò sì sọ ọ́ di debugger fún ti àkọ́kọ́. Pico méjì, dọ́là 8, a ti rí inú ṣíìpù. Lórí kọ̀ǹpútà, OpenOCD tí Dominic Rath bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Augsburg ní Jámánì, àti GDB tí Richard Stallman kọ́kọ́ kọ ní 1986, ni yóò ṣe ìyókù. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Bọ́ọ̀dù Nucleo ti STMicroelectronics gbé debugger ST-LINK lé ara rẹ̀, wáyà USB kan ti tó. Nínú ìdílé ESP32 tí ọ̀pọ̀ ń lò nítorí Wi-Fi, C3 àti S3 ní JTAG tó ń gba ojú USB wọn jáde; ESP32 àkọ́kọ́ ti 2016 kò ní i, ó ń béèrè ẹ̀rọ àfikún. Ẹni tó ra ti àkọ́kọ́ àti ẹni tó ra S3 lè san owó tí kò jìnnà síra, síbẹ̀ irinṣẹ́ tó bá bọ́ọ̀dù wọn wá kò dọ́gba.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Debugger lè dá ṣíìpù dúró, kò lè dá ayé dúró. Bí ṣíìpù inverter bá dúró nígbà tí àwọn transistor rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, iná á máa gba ibẹ̀ kọjá títí wọn á fi jóná. Bí iná agbára gidi bá wà lórí iṣẹ́, ẹsẹ̀ tí à ń gbé sókè gbé sísàlẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi debugger sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Mars

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1997, ọkọ̀ Mars Pathfinder ti NASA gúnlẹ̀ sórí Mars. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ tí ó sì ń tan ara rẹ̀ padà. Kọ̀ǹpútà náà tóbi ju ṣíìpù tí à ń sọ lọ, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ kan náà ni. Kò sí ẹni tó lè lọ so wáyà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ láti ayé ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló ta kora nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kan tó ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ di ojú ọ̀nà ìròyìn mú. Iṣẹ́ ńlá tó ń bójú tó ọ̀nà náà ń dúró dè é. Àwọn iṣẹ́ tó wà láàárín wọn wá gba àkókò lọ́wọ́ kékeré, kò lè parí ohun tó ń ṣe, kò sì lè tú ọ̀nà sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà rí i pé iṣẹ́ ńlá kò parí lásìkò, ó sì tan gbogbo rẹ̀ padà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Àwọn oníṣẹ́ JPL, ilé-iṣẹ́ NASA ní Kalifọ́níà, kò yọ irinṣẹ́ ìtọpa kúrò nínú ètò kí ọkọ̀ náà tó gbéra láyé. Ohun tí wọ́n dán wò gan-an ni wọ́n rán lọ. Wọ́n ní ẹ̀dà ọkọ̀ náà nílé, wọ́n mú kí àṣìṣe ọ̀hún ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìtọpa, wọ́n rí ìdí rẹ̀. Wọ́n fi àṣẹ ránṣẹ́ sí Mars pé kí iṣẹ́ kékeré tó bá di ọ̀nà mú máa jogún ipò iṣẹ́ ńlá tó ń dúró dè é. Wàhálà náà parí. Bí wọ́n bá ti yọ irinṣẹ́ yẹn nítorí pé wọ́n ń wá ààyè tàbí ìyára, ìméfò ni yóò kù fún wọn.

Ọjà wa, dátà wa, iná wa

Ní Nàìjíríà, nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí a fi kún ìrònú wa. Èkíní ni ẹ̀dà. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù STM32F103 aláwọ̀ aró tó wà lọ́jà ló jẹ́ pé ṣíìpù mìíràn ni wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ lé. Debugger ń túdìí àwọn kan: nọ́ńbà ìdánimọ̀ SWD ti ojúlówó jẹ́ 0x1ba01477, àwọn ẹ̀dà kan á sọ pé àwọn jẹ́ 0x2ba01477, OpenOCD á sì kọ̀ láti bá wọn ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó rà púpọ̀, ẹ ra ẹyọ kan, kí ẹ bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Èkejì ni dátà. Àwọn ètò tí a fi ń kọ kóòdù tóbi, wọ́n sì tún ń gba àfikún láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Arduino IDE, PulseView, OpenOCD àti SimulIDE, ètò tó ń ṣe àfarawé ṣíìpù lórí kọ̀ǹpútà, jẹ́ ohun tí òfin wọn gbà wá láyè láti pín. Ẹ gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kó wọn sórí flash kan ní yàrá iṣẹ́, kí gbogbo kíláàsì máa mú u. Èyí sàn ju kí a jí ẹ̀dà Proteus lò, ètò àfarawé tí à ń fowó rà, nítorí kòkòrò kọ̀ǹpútà lè bá a wọlé.

Ẹ̀kẹta ni iná, ẹ̀mí sì wà nínú èyí. Iná ilé wa jẹ́ fóltì 230. Ẹnu tí a fi ń há ilẹ̀ oscilloscope so mọ́ ilẹ̀ ilé tààrà. Bó bá kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀, á bú gbàmù. Ilẹ̀ USB kọ̀ǹpútà yín náà kò gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀dù tí kò ní transformer tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iná ilé. Ẹ fi bátìrì fóltì 12 dán iṣẹ́ wò ná. Bó bá di dandan kí ẹ so ó mọ́ iná ilé, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ya USB sọ́tọ̀ sáàárín.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ṣíìpù, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí. Ṣé debugger rẹ̀ wà, mo sì lè rà á? Ṣé ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé ẹsẹ̀ kan máa ṣẹ́kù tí mo lè fi tọpa? Ṣé ẹnì kan wà nítòsí mi tó ti lò ó rí? Bí ìdáhùn mẹ́ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi ṣíìpù yẹn sílẹ̀, bó ti wù kó lágbára tó.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni mítà ọwọ́ kan, logic analyzer kékeré kan, àti Pico méjì. Ẹni tó bá ní nǹkan mẹ́ta yìí, tó sì mọ̀ wọ́n lò, ti ṣíwájú ẹni tó ní bọ́ọ̀dù ogún tí kò ní ohun tí yóò fi wò wọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, ẹ má ṣe wo bóyá ó tàn lọ́jọ́ náà nìkan. Ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ hàn yín: kí ló kọ̀, kí ni wọ́n fi wò ó, kí ni wọ́n rí? Ẹ fún àkọsílẹ̀ yẹn ní máàkì. Ọmọ tó bá lè sọ ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ ni yóò lè tún ti ẹlòmíràn ṣe, òun sì ni orílẹ̀-èdè yìí nílò.